Báàgì Mi, Ọmọ Òkìrìkà

Ẹ fún mi láyè kí n kì í, kí síìpù rẹ̀ tó tún já.

Báàgì mi, ọmọ òkìrìkà,
Ọmọ a-wọ̀lú-lóru-má-kí-oníbodè,
Aláwọ̀ ewé tó di aláwọ̀ ẹrẹ̀,
Onísíìpù mẹ́ta: ọ̀kan kú, ọ̀kan ń ṣàìsàn,
Ẹ̀kẹta ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá wù ú.
Ìkà tí í jẹ èjìká olówó rẹ̀!

Ọmọ mẹ́ta ni ìyàwó mi bí fún mi, n ò pọn ọ̀kan rí. Ìwọ ni mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tán tí mo wá ń pọ̀n fún oṣù mẹ́ta, láti Èkó títí dé Cape Coast, ìyàwó mi sì ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀san. Ní Kétu, ìyá àgbà alákàrà kan wò ọ́ lẹ́yìn mi, ó ní, “Ẹ kú ọmọ o, bàbá. Ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin?” Ilẹ̀ Benin ni Kétu wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n, n ò lè ṣe bí ẹni tí kò gbédè.

Wọ́n mú wa lọ wo Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ tí Kétu fi ń tìlú mọ́ ogun. Dáhọ̀mì kó ìlú náà ní 1886, ẹnubodè ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ìwọ ńkọ́? O ò lè ti ìbọ̀sẹ̀ mọ́lé.

Atúni-láṣìírí lójú títì Kútọnu! Orí ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan la wà tí o fi la ẹnu, tí pátá mi sì fò jáde bí ẹyẹlé. Ọlọ́kadà mẹ́rin, gbogbo wọn nínú ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò, ló bá wa ṣà á. Ọ̀kan gbé èyí tó lu jù sókè, ó ń fi Faransé bi gbogbo ayé pé ta ló ni ín. N ò dáhùn. Ìyàwó mi ló nàka sí mi.

Lómé? N ò ní sọ nǹkan kan nípa òórùn ẹja.

Ṣùgbọ́n mo gbà fún ọ níbì kan. Láti 1979 ni ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì láì gba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Oníbodè tó dá wa dúró ní ibodè kan ní ti ènìyàn nìyẹn, kì í ṣe ti ẹrù. Ó ní ká ṣí ọ. Ìwọ tó ń là lójoojúmọ́, ọjọ́ náà lo wá pa ẹnu dé pinpin! Ó fà á, ó gbé orúnkún lé ọ níkùn, ó fi eyín kún un. Nígbà tó làágùn tán, ó ní ká máa lọ. A ò tíì rìn jìnnà tí o fi là fúnra rẹ.

Alágídí tó mọ àsìkò!
Odi lọ́dọ̀ oníbodè, aláròyé láàárín ọjà!

Àárọ̀ ọjọ́ tí a máa lọ sí igbó Kakum nítòsí Cape Coast ni okùn èjìká rẹ kan já, ìyàwó mi sì wé e mọ́ ìdí. Afárá méje ni wọ́n so mọ́ igi níbẹ̀, ó ga tó 40 mítà, gígùn rẹ̀ lápapọ̀ tó 350. Lórí ìkejì ni ẹsẹ̀ mi kọ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń kùn. Ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín. Ó tú okùn rẹ, ó na etí kan sí mi. “Olówó orí mi, ẹ di í mú. Ẹ má wolẹ̀, ẹ̀yìn mi ni kí ẹ máa wò.”

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń wò títí a fi dé òdìkejì. Irun funfun ti kún ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, níbi tí gèlè máa ń bò. N ò mọ ìgbà tó dé.

Báàgì, arúgbó ẹrú, má tíì sùn. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ ìyàwó mi bí mo ṣe ń kì ọ́ yìí, ó ń rán okùn náà padà. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá o mọ ọ̀nà Abidjan.