Àpò Ṣòkòtò Ti Ya

“Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, ó wà nínú àpò ṣòkòtò.” Àwọn àgbà tó pa òwe yìí gbà pé béèyàn bá ti lè ki ọwọ́ bọ àpò, wàhálà ti tán. Wọn ò tíì rí irú àwa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà sílùú òyìnbó. Ọdún 1627 ni wọ́n bí Robert Boyle sí Ireland. Bàbá rẹ̀, ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ oyè Earl of Cork, lówó bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà mọ̀wé. Òun ló kọ ọ́ jáde ní 1662 pé bí a bá ṣe ń ki afẹ́fẹ́ mọ́ àyè kékeré tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa fi agbára ti ìdérí padà tó. Àwọn ọmọ girama ṣì ń kọ́ ọ títí dòní. Ṣùgbọ́n ohun tí kì í jẹ́ kó sùn ni bí yóò ṣe sọ irin lásán di wúrà.

Ní nǹkan bí 1677, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Georges Pierre sọ fún un pé ẹgbẹ́ awo kan mọ àṣírí náà, pé olórí ìjọ Kristẹni tí wọ́n ń pè ní Pátíríákì Áńtíókù ni bàbá ìsàlẹ̀ wọn, àti pé ẹ̀bùn ni wọ́n fi ń wọlé. Boyle fi awò tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ ránṣẹ́. Ó fi aṣọ olówó ńlá ránṣẹ́. Nígbà tó yá, lẹ́tà dé pé ilé olódi tí ẹgbẹ́ ti ń pàdé ti bú gbàmù! Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ìgboro wa ni iṣẹ́ Yahoo ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gbọ́ o. Síbẹ̀, Boyle kò jáwọ́. Ọba Henry Kẹrin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de iṣẹ́ sísọ irin di wúrà láti 1404. Boyle ṣe wàhálà títí wọ́n fi wọ́gi lé òfin náà ní 1689. Nígbà tó máa fi kú ní 1691, kò sọ ìṣó kan di wúrà.

Àwọn ọmọ Boyle pọ̀ ní Òṣogbo àti Iléṣà lónìí, bí wọn ò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Wọ́n ń yáwó fún oníṣègùn kó lè bá wọn ṣe oògùn owó. Òṣómàáló tó sọ Ìjẹ̀ṣà di olówó láyé àtijọ́ kò ṣe oògùn kankan: aṣọ ló tà láwìn, ó sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí onígbèsè fi san án. Ibi tó tún pani lẹ́rìn-ín jù ni pé wúrà gidi wà lábẹ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ní Ìtagúnmódì àti Ìpéríndó. Láti 2021 ni wọ́n ti ń yọ́ wúrà ní ibi ìwakùsà Segilola, láìpe ọfọ̀.

Ó wà lápò lóòótọ́. Kí la wá ṣe? A fa àpò ya. Àwọn ará Òkè Ọya gbé ṣọ́bìrì dé, àwọn ará Ṣáínà gbé ẹ̀rọ dé, ọmọ onílẹ̀ ló sì ń júwe ilẹ̀ fún wọn. Wọ́n á wa ilẹ̀, wọ́n á fọ yẹ̀pẹ̀ lódò. Àwọn mìíràn á da mẹ́kúrì sí i kí wúrà lè lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á wá fi iná sun ún. Èéfín á gba òkè lọ, ìyókù á bá odò lọ. Mẹ́kúrì yìí kan náà ni Boyle ń sè títí, tó gbà pé yóò fi wúrà hàn òun. Àwọn tiwa rí wúrà fi í mú. Odò Ọ̀ṣun ni wọ́n fi san owó rẹ̀.

Odò náà ti pọ́n bí ẹrẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005 ló ń gbà kọjá. Omi tí àwọn àgàn ń bù mu kí wọ́n lè rọ́mọ gbé pọ̀n ni ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ ní 2022 pé kí ẹnikẹ́ni má mu mọ́. Mẹ́kúrì, ẹ sì mọ̀, a máa ba ọpọlọ ọmọ inú oyún jẹ́. Béèyàn bá wá béèrè ta ni yóò dá àwọn tó ń wa ilẹ̀ dúró, wọ́n á ní òfin sọ pé Àbújá ló ni ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Àwa la ni ṣòkòtò, Àbújá ló ni àpò. Ìdí ta ló wá wà níta?

Ẹ̀yin baálé àti ọmọ onílẹ̀, kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ àlejò tó gbé ṣọ́bìrì wá, ẹ ní kó mú ìwé àṣẹ rẹ̀ jáde, kó sì fi ibi tí omi ìdọ̀tí rẹ̀ yóò máa ṣàn sí hàn yín. Bí kò bá rí i fi hàn, ẹ lé e lọ.