Gọ́tà Wa Ti Wọ Inú Òkun Lọ

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìgbà mẹ́fà ni mo ti kúrò ní Boundary ní Ajégúnlẹ̀ lọ sí Apapa, tí mo tún wọ́ ẹsẹ̀ padà wálé, torí gọ́tà. Bó bá jẹ́ èyí tí mo fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ni, iṣẹ́ ti parí. Orí máàpù ni gọ́tà tèmi wà, òun ló wá ń gbẹ́ èmi.

Bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni mo ń ṣe: mo ń tẹ̀wé, mo ń ṣe fọ́tòkọpí. Nígbà tí òjò ọdún tó kọjá gbé ìrọ̀rí alága àwọn onílé àdúgbò wa jáde láti inú yàrá, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní èmi tí mo mọ kọ̀ǹpútà, kí n fi fóònù sàmì sí gbogbo ibi tí gọ́tà ti dí, ká lè gbé e lọ fún ọ́fíìsì kan ní Apapa. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi rìn ín. Àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé mi, ajá ń gbó mi, ìyá kan tilẹ̀ bi mí bóyá ilé òun ni wọ́n fẹ́ wó. Mo to gbogbo rẹ̀ sórí Google Earth, mo fi pamọ́ bíi KML, mo kó o sínú fláàṣì. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó di Apapa.

Obìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wò ó. "Bàbá, KML lẹ gbé wá. Shapefile là ń gbà níbí."

Kò burú. Mo yí i padà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo gbé shapefile dé.

"Àwọn tó kù ńkọ́, sà?"

Mo rò pé owó ló ń béèrè. Mo ki ọwọ́ bọ àpò. Ojú tó fi wò mí, mo yọ ọwọ́ kíá. Àṣé ohun tí wọ́n ń pè ní shapefile kì í ṣe fáìlì kan ṣoṣo, agbo ilé ni. .shp ló gbé ìlà àti àmì, .shx ló mọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan wọn jókòó sí, .dbf ló ń tọ́jú orúkọ, .prj ló ń sọ òṣùwọ̀n tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ilé-iṣẹ́ Esri ti Amẹ́ríkà ló bí wọn ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Baálé nìkan ni mo mú wá, mo fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ ní Boundary.

Ìgbà kẹta, mo kó tẹbítará dé. Ẹ wá wo àrà! Mo ti kọ "Gota_Apa_Osi" sókè ìlà òòró kan nínú tábìlì orúkọ, mo kọ "Gota_Apa_Otun" sókè èkejì. Orúkọ tí .dbf lè gbà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 10 lọ. Ọ̀kan di "Gota_Apa_O", èkejì di "Gota_Apa_1". Èwo ni òsì, èwo ni ọ̀tún? Èmi tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi kó sínú gọ́tà ọ̀hún, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́. Gbogbo lẹ́tà tó ní àmì lábẹ́ sì ti di àmì ìbéèrè. Mo kọ Ajégúnlẹ̀, ó di "Ajégúnl??", bíi pé ẹ̀rọ náà ń ṣiyèméjì bóyá ajé gúnlẹ̀ síbẹ̀ lóòótọ́.

Ọ̀gá yọjú láti yàrá inú, ó ní ká fi shapefile sílẹ̀, GeoJSON ló bágbà mu. Mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí Google Maps ṣe ń kọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́: 6.45 tó jẹ́ ti àríwá ló ṣáájú, 3.33 tó jẹ́ ti ìlà-oòrùn ló tẹ̀ lé e. Àṣé òfin GeoJSON tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 ní ti ìlà-oòrùn ni kó máa ṣáájú. Nígbà tí ọ̀gá ṣí i, gọ́tà Ajégúnlẹ̀ ti wà láàárín òkun, nísàlẹ̀ Brass ní Bayelsa, ní nǹkan bí 100 kìlómítà sí etí omi. Òótọ́ ni pé inú òkun lomi gọ́tà ń lọ, ṣùgbọ́n ta ló ní kí gọ́tà fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé e?

Ìgbà karùn-ún, gọ́tà gúnlẹ̀ padà, ó wá gba inú pálọ̀ onípálọ̀ kọjá. Wọ́n ti ní òṣùwọ̀n Minna làwọn ń lò. Òpó kan wà ní Minna tí wọ́n ń pè ní L40, ibẹ̀ ni àwọn awọnlẹ̀ Nàìjíríà ti ń ka ilẹ̀ láti ayé àwọn òyìnbó. Fóònù tèmi, sátẹ́láìtì ló ń bá sọ̀rọ̀, WGS84 ló mọ̀. Mo kọ Minna lé fáìlì lórí, mo fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀ lábẹ́. Àṣìṣe yẹn nìkan, ní Èkó níbí, ó tó 100 mítà. Ó tó láti fi gọ́tà bá ìyàwó oníyàwó nínú ilé.

Ọmọọṣẹ́ mi ló rí mi tí mo gbé orí lé tábìlì. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?" Ó tẹ ìlà kan péré, ogr2ogr ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, KML ti di shapefile, nọ́ńbà fóònù ti di ti Minna. Ó gé orúkọ sí "Gota_Osi" àti "Gota_Otun", ó dá lẹ́tà tó sọnù nínú Ajégúnlẹ̀ padà. Ó ní inú GDAL ló ti wá. Frank Warmerdam, ará Kánádà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1998, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó bá ń ṣe ètò máàpù tuntun kì í jókòó kọ bí wọ́n ṣe ń ka KML tàbí shapefile mọ́. GDAL ni yóò mú, yóò dè é mọ́ tirẹ̀. Google Earth ń lò ó. QGIS ń lò ó.

Mo ní, "Kí lo pè?" Ó ní QGIS.

QGIS! Orúkọ tó wà lójú kọ̀ǹpútà obìnrin yẹn láti ọjọ́ kìíní! Ẹ̀rọ tó fi ń sọ fún mi pé àwọn kì í gba KML, ohun tó ń ka KML wà nínú ikùn rẹ̀. Bó bá fi máọ̀sì fa fáìlì mi sójú rẹ̀ ni, gbẹdẹmukẹ ni ì bá ṣí.

Àti pé Apapa kọ́ ló yẹ kó ṣe èyí sí mi. Ní Wharf, èbúté Apapa, ojoojúmọ́ là ń rí kọ̀ǹtéńà ẹsẹ̀ bàtà 20 àti 40. Igun rẹ̀ bá ọkọ̀ ojú omi mu, ó bá kireeni mu, ó bá tírélà mu. Kò sẹ́ni tó ń já ẹrù inú rẹ̀ sílẹ̀ kó tó kúrò lórí èyí bọ́ sórí èkejì. Ibi tó ti ń di wàhálà ni ọwọ́ èèyàn: ìwé yìí kò pé, òǹtẹ̀ yẹn kò hàn, tírélà á sì sùn sójú títì. Àpótí kò lẹ́jọ́. Fáìlì náà kò lẹ́jọ́.

Ìgbà kẹfà, mo kó gbogbo rẹ̀ lọ: KML, shapefile pẹ̀lú ará ilé rẹ̀, GeoJSON, ti Minna, ti sátẹ́láìtì. Mo dúró gbagidi. Obìnrin náà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mi orí. Gbogbo rẹ̀ ló dára.

"Ó kú ẹyọ kan, Bàbá. Ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ká lè so ó mọ́ fáìlì."

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù láti lọ tẹ̀ ẹ́. Kí n tó dé Boundary, òjò ti ṣú, ó ti rọ̀, omi gọ́tà ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi dé abẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Òun kò bi ẹnikẹ́ni pé irú fáìlì wo ni kóun gbà wọlé.