Oríkì Ọmọ Imí-ọjọ́

Dísẹ́ẹ̀lì Ẹlẹ́gbin, Ọmọ Imí-ọjọ́, mo ṣèbà! Lọ́jọ́ Sátidé, ní Mile 2, tírélà iwájú wa tẹná, ó da èéfín bo léèsì funfun tí mo wọ̀. Mo dé òde ìgbéyàwó bí ẹni tó wá ṣọ̀fọ̀. Ta ni mo fẹ́ bá jà? Ọlọ́lá kì í kọjá kí ará ọ̀nà má mọ̀.

Àkọ̀nílé-tà-lẹ́yìn-odi!
Rotterdam bí ọ, Amsterdam pò ọ́, Antwerp dì ọ́ sọ́kọ̀ ojú omi,
wọn ò jẹ́ kí o wọ táǹkì kan ṣoṣo nílé wọn.
Láti ọdún 2009, òfin Yúróòpù ní kí imí-ọjọ́ inú dísẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ má ju ìwọ̀n 10 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Òfin tiwa gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀ títí dé 3,000 fún ọ̀pọ̀ ọdún.
Ìlọ́po 300! Àkọ̀nílé tó dé Èkó tó doyè.

Ọmọ Imí-ọjọ́,
imí tí kì í jẹ́ ká mí,
imí tó gba èémí lọ́wọ́ ẹlẹ́mìí!
Àwọn ará Jámánì ṣe ẹ́ńjìnnì, wọ́n ki fítà bọ sálẹ́ńsà kó máa gba èérí. O wọlé, fítà dí, ọkọ̀ ò lè fà mọ́. Mẹkáníìkì ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gé e dànù." Wọ́n gé e, èéfín gba òmìnira. A ń bú dírẹ́bà, a ń bú mẹkáníìkì, a ń bú ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ìwọ jókòó sínú táǹkì, ò ń gbọ́ wa.

Ẹ̀fẹ̀ tó báyìí. Ní 2012, ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ tó ń ta píọ̀ wọ́tà láàárín tírélà ń fà á símú láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tó pò ọ́ mọ̀. Ẹni tó buwọ́ lùwé kí o wọlé mọ̀.

Ó yá, ká padà sídìí ìyìn.
Àìkú-lójú-òfin! Wọ́n ṣèlérí l'Ábújá ní 2016 pé o ò ní ju 50 lọ nínú mílíọ̀nù kan, o ò kú. ECOWAS fọwọ́ sí i ní 2020, o ò kú. Ilẹ̀ Netherlands ní kí wọ́n má tà ọ́ síta mọ́ ní 2023, o ò kú. Ní 2024, aláṣẹ epo sọ pé ilé ìfọpo Dangote ló bí ọ. Dangote ní àwọn aképowọlé ló bí ọ.
Oríkì kì í pé láìdárúkọ bàbá. Èrè orí rẹ ní olówó tó mọ̀ ọ́n lọ́mọ. Ìwọ nìkan, Ọmọ Imí-ọjọ́, ni ọmọ àlè.