Ọmọ Ọgọ́rin Ọdún Tó Padà Wá Mu Ọmú

Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ bíbí inú fi ojú ìyá rẹ̀ rí ní Niu Yọ́ọ̀kì. Kì í ṣe ọmọ ìta o, kì í sì í ṣe ẹni tí ebi ń pa. Àgbà ọkùnrin tó ti ṣe aṣojú Amẹ́ríkà ní Madagásíkà, ní Trinidad àti ní Kẹ́ńyà ni, sójà àtijọ́ tó gbọgbẹ́ ní Iwo Jima, tó ń wọ kóòtù olówó ńlá, tí ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Anthony Marshall lorúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni Brooke Astor, tí gbogbo ìlú ń wárí fún.

Ọlọ́rọ̀ ìrandíran ni àwọn Astor. Nígbà tí Vincent Astor, ọkọ kẹta tí mámá yìí fẹ́, kú ní 1959, owó tó fi sílẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Mámá kò jókòó lé e. Ó ń pín in fún ilé ìkàwé, fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, fún àdúgbò àwọn tálákà, títí ohun tó pín fi súnmọ́ mílíọ̀nù 200 dọ́là. Ní 1998, ìjọba Clinton fi àmì ẹ̀yẹ tó ga jù tí aráàlú lè gbà dá a lọ́lá. Mámá yìí kan náà ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá sọ pé orí àga gbọọrọ tí ìtọ̀ ń rùn lára rẹ̀ ló ń sùn.

Philip lorúkọ ọmọ-ọmọ náà, ọmọ tí Anthony fúnra rẹ̀ bí. Ní oṣù Keje 2006 ló gba ilé ẹjọ́ lọ. Ó ní wọ́n ti dín oògùn mámá kù, aṣọ àwọ̀sùn rẹ̀ ti fàya, wọ́n ti lé ọ̀gá àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ tó mọ ìtọ́jú rẹ̀ dànù, wọ́n sì há ajá kéékèèké méjì tó fẹ́ràn, Boysie àti Girlsie, mọ́ ibi tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí. Ẹni ọdún 104! Nínú ilé ọlọ́lá ní Park Avenue! Àwọn ìwé ìròyìn gbé e sójú ewé àkọ́kọ́, kò sì sí ilé tí wọn ò ti sọ ọ́.

N ò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún náà, adájọ́ sọ pé ẹ̀sùn pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fìyà jẹ mámá kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó dáa, kí á gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gba ìtọ́jú mámá kúrò lọ́wọ́ Anthony, wọ́n ti fi lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ Annette de la Renta lọ́wọ́, wọ́n sì ní kí báǹkì máa bójú tó owó. Bí wọ́n ṣe ṣí ìwé owó wò báyìí ni òórùn mìíràn gbalé, èyí tí kì í ṣe ti ìtọ̀.

Ìwé tí lọ́yà kọ, tó fún Anthony láṣẹ lórí owó ìyá rẹ̀, ló ń fi ṣe é. Ní 2002, wọ́n ta àwòrán kan tí Childe Hassam yà, èyí tí mámá fẹ́ràn tó sì ti ṣèlérí rẹ̀ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan. Mílíọ̀nù 10 dọ́là ni wọ́n tà á. Anthony yọ mílíọ̀nù 2 sápò, ó ní làádà òun ni. Ọmọ ń bá ìyá rẹ̀ ta ẹrù inú ilé, ó ń gba làádà! Ó tún fi owó kún owó iṣẹ́ ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n kà á láti ẹ̀yìn wá, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan dọ́là. Ta ló béèrè? Òun. Ta ló fọwọ́ sí i? Òun náà ni. Ní tiwa, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òkété ti ibí yìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ọmọ náà ti ń wọ ọgọ́rin, òun ló tún wá ki ẹnu bọ ọmú ìyá.

Ti wíìlì ló wá le jù. Àrùn ìgbàgbé ti mú mámá. Anthony fúnra rẹ̀ ti kọ lẹ́tà sí dókítà ní 2000 nípa bí iyè ìyá òun ṣe ń ra. Wíìlì kan wà ní 2002 tó ní kí Anthony máa jẹ nínú èrè ọrọ̀ náà títí yóò fi kú, kí ìyókù sì lọ sí ilé ìkàwé, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti irú wọn. Láàrin oṣù Kejìlá 2003 sí oṣù Kẹta 2004, àfikún mẹ́ta gun orí wíìlì yẹn, owó sì ń yí sọ́dọ̀ ọmọ. Ìbuwọ́lù orí èyí tó kẹ́yìn? Ayédèrú. Wọ́n dá lọ́yà kan, Francis Morrissey, lẹ́bi lórí ìyẹn.

Kí ló ń lé bàbá arúgbó báyìí? Ẹ̀hẹn. Ẹ jẹ́ á sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní tìtorí ìyàwó ni. Kí Charlene tó di aya Anthony, ìyàwó àlùfáà ni, àlùfáà ìjọ tí mámá gan-an máa ń lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Northeast Harbor, ní Maine. Ó fi àlùfáà sílẹ̀, òun àti Anthony ṣègbéyàwó ní 1992. Ẹ wo ojú tí mámá yóò fi wo àwọn ará ìjọ! Kò fẹ́ràn obìnrin náà, kò sì fi bò. Wíìlì 2002 kò jẹ́ kí Anthony ní olú-owó tó lè fi sílẹ̀ fún un. Cove End, ilé mámá ní Maine, bọ́ sọ́wọ́ Anthony ní 2003. Kò pẹ́, ó kọ ọ́ sórúkọ ìyàwó. Ìjọba kò fi ẹ̀sùn kankan kan Charlene, èmi náà ò ní fi kàn án. Ibi tí ilé bọ́ sí ni mo kàn ń sọ.

Nígbà ìgbẹ́jọ́ Anthony ní 2009, àwọn gbajúgbajà bíi Henry Kissinger àti Barbara Walters wá jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì mámá ni èmi fi etí sí jù, nítorí ohun tí wọ́n ń kọ sínú ìwé wọn di ẹ̀rí. Àwọn obìnrin wa tó ń tọ́jú arúgbó ní Bronx àti Brooklyn mọ irú ilé bẹ́ẹ̀: ọmọ onílé á máa ṣe tiẹ̀ níwájú wọn, á ní wọn ò lójú. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n dá Anthony lẹ́bi lórí ẹ̀sùn 14 nínú 16.

Mo mọ̀ pé ẹ óò ní kí ni Philip náà ń wá tó fi gbé bàbá rẹ̀ lọ sí kóòtù, tó tún lọ jẹ́rìí takò ó. Ọ̀rọ̀ náà korò, n kò jiyàn. Ẹ tiẹ̀ gbọ́ tàwọn tó ń gbè sẹ́yìn Anthony: wọ́n ní mámá kò ṣe ìyá fún un tó, pé ayé fàájì ló gbájú mọ́ nígbà tí ọmọ wà ní kékeré. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣé owó làádà ni wọ́n fi ń san gbèsè ìyẹn? Bàbá kì í ṣe ẹran ìjẹ fún ọmọ, ìyá àgbà náà kì í ṣe é. Philip rí èyí tí kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì, ó dúró tì í. Ẹ bá mi wò ó, ta ni ẹ̀yin ì bá dúró tì?

Ìyà tó tọ́ sí i ló wá kù. Òfin olè ni wọ́n fi mú un, nítorí owó tó lé ní mílíọ̀nù kan. Ṣùgbọ́n ní California, òfin 368 wà tó mẹ́nu kan ẹni ọdún 65 sókè ní pàtó. Ẹni tó bá rẹ́ irú wọn jẹ yóò mọ̀ pé òun rẹ́ arúgbó jẹ. Òfin olè ti Niu Yọ́ọ̀kì lè fi ènìyàn sẹ́wọ̀n ọdún 25. Anthony gba èyí tó kéré jù, ọdún kan sí mẹ́ta. Àwọn ọ̀rẹ́ ti ń kọ lẹ́tà sí adájọ́, Whoopi Goldberg, gbajúgbajà òṣèré, pàápàá wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó ń pẹ̀jọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ilé rẹ̀ ló ń sùn. Wọ́n parí ọ̀rọ̀ ogún ní 2012, ìpín rẹ̀ wálẹ̀ ju ìdajì lọ, síbẹ̀ mílíọ̀nù 14 ààbọ̀ dọ́là ló kù fún un. Ó wọ ẹ̀wọ̀n ní oṣù Kẹfà 2013, ẹni ọdún 89. Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n ní ara rẹ̀ kò yá, wọ́n dá a sílẹ̀.

Oṣù méjì! Ọdún 2013 yẹn náà ni wọ́n dá Kalief Browder sílẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n Rikers, ọmọ Bronx tí wọ́n mú ní ọmọ ọdún 16 pé ó jí àpò ẹ̀yìn. Ó ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Wọn kò tíì gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ rí. Wọ́n kàn fagi lé ẹ̀sùn ni, wọ́n ní kó máa lọ.