Ẹ̀kọ Yangan àti Ìyangàn

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni ènìyàn lè máa ṣe láìkọ́ ọ, láìgba ìyọ̀ǹda, láìsan owó orí lé e, ìfọ́nnu ni n ó pè fún un. Àwọn baba wa rí i pé oníṣẹ́ náà pọ̀, wọ́n sì fún olúkúlùkù ní orúkọ tirẹ̀: ẹni tí ó ń fọ́n ọ̀rọ̀ ká bí ìyálé ilé ti ń fọ́n àgbàdo fún adìẹ, afọ́nnu ni, ẹni tí ó ń fi ohun tí kò ní í ṣe dẹ́rù ba aládùúgbò, ìhalẹ̀ ni tirẹ̀, ẹni tí ó ń gbé àyà síwájú bí àkùkọ tí adìẹ kan kò tẹ̀ lé, ó ń ṣakọ. Ti aláfáàrí ni ó burú jù, nítorí fáàrí a máa jẹ owó, àwọn àgbà sì ní fáàrí àṣejù, oko olówó ní í mú ọmọ lọ, níbi tí ìwọ̀fà yóò gbé máa kọ ebè ti òun ti ẹ̀wù sányán.

Lọ́jọ́ kan, mo wọ ọkọ̀ láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú méjì tí ẹnikẹ́ni kò lè kọ́ ní ìyangàn. Ọ̀yọ́ ní a jí ṣe bí òun ni à á rí, òun kì í ṣe bí baba ẹni kan. Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété ní òun a jẹ ọkà kí òun tó mu ẹ̀kọ yangan, àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó sì wà láàrin yangan tí a fi ń ṣe ẹ̀kọ àti yangàn tí a ń fi ẹnu ṣe. (Olóògbé Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní 1964, tí ó sì mọ ọ̀rọ̀ í fi dárà, ìbá ti fi èyí pa wá lẹ́rìn-ín ju bí mo ti pa yín lọ.)

Ṣùgbọ́n ti ìlú kì í ṣe ìfọ́nnu. Ìtàn sọ pé ẹjọ́ wà lọ́rùn Ògúnlọlá, ọdẹ tí ó tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó, ní Ọ̀yọ́-Ilé nígbà tí ó ní òun yóò kojú Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí ó ń da ìlú láàmú. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò ní ìhalẹ̀ ni, àfi ìgbà tí ó gbé orí ọkùnrin náà dé, tí orúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ fi ti ibẹ̀ jáde. Aláàfin pàápàá, ikú bàbá yèyé, kì í ki ara rẹ̀: arọ́kin ń bẹ, akùnyùngbà ń bẹ. Afọ́nnu nìkan ni ó jẹ́ ọba, tí ó tún jẹ́ arọ́kin, tí ó sì tún ń lu bàtá fún ara rẹ̀.

Irú rẹ̀ kan, alágbádá gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ni ó jókòó tì mí. A kò tíì kúrò ní gáréèjì Ọ̀yọ́ tí ó ti ń sọ bí òun ti jẹun ní ààfin, bí iyán ti funfun tó, bí ẹran ti pọ̀ tó, ó sì ń tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí èrò mìíràn bá ti wọlé. Ìyá arúgbó kan tí ó ra ọjà bọ̀ láti Akẹ̀sán, tí ó gbé apẹ̀rẹ̀ àwo lé itan, gbọ́ ọ dé òpin, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé, “Ọmọ mi, o kú oríire. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ta ni ó wá kó àwo?”

Agbádá kò fọhùn mọ́ títí a fi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí ìyá fẹ́ sọ̀kalẹ̀, òun náà ni ó bá a gbé apẹ̀rẹ̀, tí ó rọra sọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ìyá yẹ inú rẹ̀ wò, ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi, ọ̀kan kò fọ́. Ọwọ́ rẹ mọ àwo í gbé.”