Abẹ́rẹ́ Tó Ju Adìyẹ Lọ

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò rí mẹ́mọ́rì káàdì rí. Ká ní wọ́n rí i ni, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi adìyẹ sílẹ̀, kí wọ́n kọjú ọ̀rọ̀ sí ọmọ ènìyàn. Adìyẹ ṣáà máa ń fi ẹnu kan nǹkan wò kó tó gbé e mì. Ẹni tó dúró lábẹ́ agboòrùn ní Computer Village, Ìkẹjà, níwájú ọmọkùnrin tó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká lé tábìlì, kì í fi ẹnu kan nǹkan kan.

"Ẹ̀gbọ́n, irú orin wo lẹ fẹ́?"

"Kó èyí tó bá wà sí i jàre. Ó ṣáà gbọ́dọ̀ kún."

Ẹ jẹ́ ká bá ẹ̀gbọ́n ṣe ìṣirò. Orin MP3 tí wọ́n fún pọ̀ dáadáa ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì kan fún ìṣẹ́jú kan. Káàdì gígábáìtì 64, tí kò tó èékánná àtàǹpàkò, á gba orin tó lé ní 1,000 wákàtí. Kí ẹ̀gbọ́n tó gbọ́ ọ tán, á jókòó tì í fún nǹkan bí ọjọ́ 44, tọ̀sán-tòru, láìsùn. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Agége Motor Road gùn lóòótọ́, àmọ́ kò tíì gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbá mọ níwọ̀n bó bá jẹ́ orin àdúgbò nìkan ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ti di ọ̀làjú. Ó rí ìwé kan lórí fóònù tó to àwọn àwo flamenco tó yẹ kí gbogbo ọmọlúàbí ní, ló bá kó wọn látòkèdélẹ̀. Flamenco ni orin àwọn ará Andalusia ní gúúsù Sípéènì, ti ẹ̀yà Gitano ibẹ̀ pàápàá: ohùn tó ń fà bí ẹni ń sunkún, gìtá tó ń sáré, àtẹ́wọ́, àti ẹsẹ̀ tó ń lu ilẹ̀. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n dárúkọ orin kan nínú gbogbo èyí tó kó, á ní dátà òun ti tán.

Flamenco fúnra rẹ̀ kò jẹ̀bi. Kódà, kò sí etí tó yẹ kó tètè mọ̀ ọ́n bí etí ọmọ Agége. Soleá àti bulería, tí wọ́n jẹ́ òpó ilé orin yìí, ń ka méjìlá kí wọ́n tó padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Agogo tó ń darí ọ̀pọ̀ ìlù tiwa náà ń ka méjìlá. Ẹni tó bá gbọ́ bulería lẹ́ẹ̀kan péré, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má mọ ibi tí yóò tẹ̀. Bó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta, orí rẹ̀ á ti máa mì fúnra rẹ̀. Àpótí pákó tí wọ́n ń jókòó lé, tí wọ́n ń fi ọwọ́ lù, èyí tí wọ́n ń pè ní cajón, àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Perú ló dá a sílẹ̀. Ìparí àwọn ọdún 1970 ni Paco de Lucía, ọ̀gá onígìtá, bá a pàdé ní Perú tó sì gbé e wọ inú flamenco. Lónìí, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé Sípéènì ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Nígbà tí àjọ UNESCO sì máa ka flamenco mọ́ ogún aráyé ní 2010, ìlú Nairobi ni wọ́n ti jókòó ìpàdé. Gbogbo èyí wà lẹ́yìn orin tí ẹ̀gbọ́n gbé mì láìjẹ.

Ẹ̀gàn gidi sì wà níbòmíràn. Pepple Street wà lára àwọn òpópónà tí Computer Village gbà mọ́ra. Òpópónà yẹn kan náà ni Afrika Shrine Fẹlá wà láyé ọjọ́sí. Orin tí Fẹlá bá ti kọ sínú àwo, kì í sábà kọ ọ́ mọ́ lórí ìtàgé. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kó lọ ra àwo, kó jókòó sílé. Ìjókòó gidi ni. Orin kan ṣoṣo ló wà nínú Confusion, àwo tó gbé jáde ní 1975, ojú kan kò sì gbà á. Bí abẹ́rẹ́ bá rìn dé ìparí ojú kìíní (abẹ́rẹ́ gírámọ́fóònù nìyí o, kì í ṣe ti adìyẹ), ẹni tó ń gbọ́ á dìde, á yí àwo padà, á tún jókòó. Kò sí bó ṣe lè pè é ní orin tòun láìgbọ́ ọ. Ẹni tó ní ogún àwo nígbà náà mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ha.

Àwọn kan á ní ayé káàdì ti ń lọ, pé Spotify ti wọ Nàìjíríà láti 2021. Òtítọ́ ni, ó sì sàn díẹ̀ fún olórin, nítorí kọ́bọ̀ kì í ti abẹ́ agboòrùn dé ọwọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òfin Copyright ti 2022 kò sì fàyè gba irú òwò bẹ́ẹ̀. Àmọ́ aṣọ lásán ni ìwà náà pààrọ̀. Orin tí wọ́n ń kó sí káàdì tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń tò jọ báyìí sórí fóònù, títí fóònù fi máa pariwo pé òun ti yó.

Bí ẹ̀gbọ́n bá ṣì fẹ́ flamenco, àwo mẹ́ta péré tó o. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Fuente y caudal tí Paco de Lucía ṣe ní 1973, nítorí "Entre dos aguas" tó wà nínú rẹ̀. Orin gìtá ni, kò lọ́rọ̀, kò sì sí èdè tó máa dí etí lọ́wọ́. Omega ti Enrique Morente, 1996, le ju bẹ́ẹ̀ lọ: Morente kó ewì García Lorca àti orin Leonard Cohen pọ̀ mọ́ ariwo ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kan láti Granada. Kó má gbọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ tí NEPA bá mú iná lọ.

Ẹ̀kẹta ni La leyenda del tiempo ti Camarón de la Isla, 1979. Camarón ni ohùn tí àwọn Gitano fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n nínú àwo yìí ó gbé gìtá oníná àti sitar ará Íńdíà wọlé. Inú bí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀. Àwo náà kò tà. Wọ́n ní àwọn kan gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní Camarón kọ́ nìyí, kí wọ́n dá owó àwọn padà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1992 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wá ń pè é ní iṣẹ́ àrà. Ẹ wo àwọn oníbìínú wọ̀nyẹn dáadáa: wọ́n ra àwo kan, wọ́n gbọ́ ọ dé ibi tí inú fi bí wọn, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ wọn padà sí ìsọ̀ lọ jà sí i. Ní Computer Village, kò tíì sí oníbàárà tó gbé káàdì padà wá pé orin kẹtàlélógún kò dára.