Béèsì Tí Ó Fi Onílé Sílẹ̀
Lára ohun ìyanu pálọ̀ òde òní ni súbúwúfà, ìyẹn àpótí sípíkà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju béèsì lọ, ìró ìsàlẹ̀ tí ó ń mú afẹ́fẹ́ gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 20 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a so mọ́ anpilifáyà, ẹ̀rọ tí ń fún ohùn lágbára, síbẹ̀ tí ó ń kùn bí ẹ̀fọn létí onílé nígbà tí ògiri aládùúgbò ń mì tìtì. Ìwádìí onílé a máa bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ó tà á, a gba ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ iná ọba, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àwọn àna rẹ̀, kí ó tó dé ẹ̀yìn àpótí náà, níbi tí bọ́tìnnì kékeré kan wà tí a kọ 0 àti 180 sí, èyí tí ń pinnu bóyá súbúwúfà àti àwọn sípíkà yòókù yóò jọ ti afẹ́fẹ́ síwájú, tàbí bí ọ̀kan ti ń tì ín ni èkejì yóò máa fà á, tí wọn yóò sì pa ohùn ara wọn rẹ́. Bí ti bọ́tìnnì bá yanjú, ó ku ti àga, nítorí ìgbì béèsì tí ó ń gbọ̀n nígbà 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan gùn tó mítà 8 àbọ̀, ó ń kọlu ògiri, ó sì ń padà pàdé ara rẹ̀, débi pé ojú kan a wà nínú yàrá tí béèsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni bàbá onílé gbé àga ọlá rẹ̀ sí. Ìlù kò dún létí ẹni tí ó rà á, ṣùgbọ́n ìlú ti gbọ́. Kí onílé tó lọ ra súbúwúfà mìíràn tí ó tóbi ju èyí lọ, kí ó jọ̀wọ́ kọ́kọ́ sún àga.